Àyè Silibíà Lábẹ́ Òkúta

Òkúta kan ṣoṣo ni àwa ará ilé Súrín ní ní abúlé Jojohátù. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ igi àjàgbọn. Bí ẹni wa kan bá kú, ọkùnrin mẹ́fà ló ń gbé etí rẹ̀ sókè, kí a tó kó egungun olóògbé náà ti egungun àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bàbá mi wà níbẹ̀. Ìyá bàbá mi wà níbẹ̀. Nígbà tí Silibíà àbúrò mi kú sí Dẹ́lì, níbi tó ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ohun kan ni màmá mi bá mi sọ.

"Àsiríta, lọ gbé e wá. Má jẹ́ kó sùn síta."

Kò sí ọkùnrin lábẹ́ òrùlé màmá mi mọ́. Èmi nìkan ni mo lè lọ, n kò sì tíì rìn kọjá Ráńṣì, ìlú ńlá tó sún mọ́ abúlé wa, rí láyé mi.

Ibà ẹ̀fọn ló pa á. Wọ́n ti sun òkú rẹ̀ kí n tó dé. Obìnrin tí ó ń bá ṣiṣẹ́ gbé àpò aṣọ pupa kan tí wọ́n kó egungun rẹ̀ tó kù sí lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ. "Ó mọ ilé tọ́jú," ni ó wí. Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin agbègbè wa tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ tí Silibíà ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò kí n tó rí àyè nínú rélùwéè, n kò sì lè sùn rárá. Wọ́n jókòó yí mi ká, wọ́n ń kọ́ mi bí obìnrin ṣe ń dá rìn.

"Bí wọ́n bá ní ta ló bá ọ rìn, kí lo máa sọ?" Jásmánì, ọ̀kan nínú wọn, ló bi mí.

"Màá ní èmi nìkan ni."

Gbogbo wọn pariwo lé mi lórí. Jásmánì ní, "Yéè! Àwọn Sístà ilé ìwé ti fi Bíbélì ba eléyìí jẹ́! Gbọ́ mi dáadáa. O ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, ó ga, ó sanra, ọlọ́pàá ni, ó sì ń dúró dè ọ́ ní ibùdókọ̀ tó kàn."

"N kò ní ẹ̀gbọ́n."

"O ti ní báyìí. Orúkọ rẹ ńkọ́? Má sọ ọ́. Ìlú rẹ? Má sọ ọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn bá ń ṣe ni kó o sọ pé ò ń lọ ṣe. Ẹni tí kò bá yàtọ̀, wọn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Mo há a sórí bí ìgbà tí à ń há orin mímọ́ sórí nílé ìwé.

Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ láàárọ̀, mo ṣe ohun tí Sístà Prisílà máa ń sọ fún wa nílé ìwé: obìnrin tó ń dá rìn, ìyá àgbà ni kó wá jókòó tì. Mo rí ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó kéré, ó gbẹ, àtẹ òdòdó aláwọ̀ ọsàn kan wà lórí itan rẹ̀. Ó ní Fúlmatí ni orúkọ òun, ọ̀dọ̀ ọmọ òun ni òun ti ń bọ̀, Mírsápù ni òun yóò sì sọ̀.

Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin onírunmú kan níwájú wa fi bẹ̀rẹ̀.

"Arábìnrin, ìwọ nìkan ni? Níbo lò ń lọ? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

Màmá Fúlmatí dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. "Ìwọ yìí, ìbéèrè rẹ pọ̀ ju ti ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lọ. Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni? Lọ nu irunmú rẹ ná, oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fọwọ́ pa ẹnu, òun náà rẹ́rìn-ín. Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá náà rọra bi mí pé, "Kí ló wà nínú àpò tí o gbá mọ́ra bí ọmọ ọwọ́ yìí?"

"Egungun àbúrò mi ni, Màmá."

Òtítọ́ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sì sáré fi irọ́ bò ó. "Mò ń gbé e lọ dà sínú odò mímọ́ ní Pirayágì, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń dúró dè mí níbẹ̀. Ọlọ́pàá ni."

"Kí lorúkọ olóògbé?"

"Gítà."

Ó fi ìka kan àpò náà, ó sì fi kan iwájú orí ara rẹ̀. "Ẹni tí odò yẹn bá gbà ti bọ́ nínú wàhálà, ọmọ mi. O ṣe ohun tó dáa fún un." Ó já búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó fi òróró dín, ó fi máńgòrò oníyọ̀ sí i, ó sì ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ gidi tí mo kọ́kọ́ jẹ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Lẹ́yìn náà, mo gbé orí lé èjìká rẹ̀.

Ariwo irin lábẹ́ ọkọ̀ ló jí mi. Oòrùn ti yí sí apá kejì. Omi ńlá kan ń dán, ó ń lọ sẹ́yìn wa. Mo fọwọ́ wá àyà mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Màmá Fúlmatí di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Omi ń jáde lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Mo gbọ̀n ọ́ títí ní Pirayágì, o ò jí! Ọkùnrin yìí náà pè ọ́. Ọkọ̀ ṣí. Mo ní háà, ọmọ ọlọ́mọ ti kọjá ibi tó ń lọ! Bí a ṣe dé orí afárá, mo ní odò kan náà kọ́ nìyí? Mo gbà á láyà rẹ, mo tì í láàárín irin fèrèsé. Òdòdó tí mo rà fún ojúbọ ilé mi, gbogbo ẹ̀ ni mo dà tẹ̀lé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, Gítà, Gítà, Gítà. Ó ti dé, ọmọ mi. Má sunkún mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá bínú, ní èmi ni."

Ọkùnrin onírunmú náà wà ní ìdúró, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà. Gbogbo ìjókòó wa dákẹ́ fún àbúrò mi.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ohun tí mo ní mo fẹ́ ṣe ló bá mi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì súre fún mi. Ó sọ̀ ní Mírsápù, ó ń juwọ́ sí mi pẹ̀lú àtẹ òfìfo.

Ní Ráńṣì, níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì tó máa gbé mi lọ sílé, mo rí eérú tutù nídìí ààrò ẹni tó ń ta tíì. Aṣọ ìnujú mi wà lọ́wọ́ mi. Mo rò ó pé kí n bù ú sínú rẹ̀, kí n pè é ní Silibíà. Ta ni ì bá mọ̀? Àmọ́ n kò lè ronú pé kí eérú ààrò sùn ti bàbá mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì.

Wọ́n ti pé jọ sídìí òkúta nígbà tí mo dé. Màmá mi mú àwo òróró àti ata ilẹ̀ pupa lọ́wọ́, èyí tí a fi ń kun egungun. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀yìn mi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan irọ́ mi.

Àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ilé Súrín bojú wo ilẹ̀. "A kì í ṣí òkúta fún ọwọ́ òfìfo, ìyàwó," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò le. Àwọn ọkùnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó igi tí wọ́n fi ń gbé òkúta, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá mi gbé àwo òróró lé mi lọ́wọ́, ó kọrí sí ilé àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà. Bí a ti ń ṣe fún òkú wa ni: à ń gbé egungun rẹ̀ lọ sí ilé tó bá ti ṣeré rí, kó dágbére, kí àwọn obìnrin ilé náà sì fi òróró kùn ún. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá Máríyàmù, onílé náà, jáde. Ó wo ọwọ́ náà, ó rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ti ìka bọ òróró, ó sì fi kun àtẹ́lẹwọ́ màmá mi. Àwọn méjèèjì jọ sunkún.

A lọ sí ilé méjìlá. Nígbà tí a padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ń dán dé ìgbọ̀nwọ́.

Kò fọ̀ ọ́. Nígbà tí a fẹ́ jẹun, èmi ni mo ń bu ìrẹsì sí i lẹ́nu.