Téèpù Tó Fẹ́ Gba Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ọjọ́ tí ọkùnrin amáàpù kan, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n sì ń yà á sínú máàpù, wọ òpópónà wa, mo ti fi abẹ́rẹ́ gún ìka mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ẹyinjú kan wà tí í mú kí aránṣọ gbàgbé ibi tí ìka rẹ̀ wà.

Ìjọba ló rán an wá. Wọ́n fẹ́ ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún wa, kí wọ́n sì gbin igi sí i. Ó ní àwa ará àdúgbò la ó jọ ṣe é: bí fífẹ̀ òpópónà bá pé ogójì ẹsẹ̀ bàtà, wọn ò ní fọwọ́ kan ilé kankan. Bí kò bá pé, ṣọ́ọ̀bù tó yọ síta jù ni yóò lọ.

Tèmi ló yọ síta jù. Ìyá mi ló kọ́ ọ kó tó dolóògbé.

Bó ṣe na téèpù rẹ̀ jáde ni Bàbá Alága, olórí àwọn onílé, pariwo.

"Téèpù ìjọba kẹ̀? Ṣé ológbò la ó ní kó bá wa ṣọ́ ẹja? Aránṣọ, bọ́ téèpù ọrùn rẹ wá!"

Amáàpù rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí a bá jọ wọ̀n lòun máa kọ. Ó di etí téèpù kan mú, mo di ìkejì mú, a ń wọ̀n ọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbàkigbà tí orí wa bá súnmọ́ra, àyà mi á máa sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mọ́kàndínlógójì.

Ẹsẹ̀ bàtà kan ló dín.

"Ogójì ló wà nínú máàpù mi," ni amáàpù wí jẹ́jẹ́. "Àmọ́ mo ti ṣèlérí. Ẹ má bínú."

Omi lé ròrò sójú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Oníbúrẹ́dì láàárín èrò, nínú aṣọ tí mo rán fún un, tí kò lè mí délẹ̀. Aṣọ gbogbo èèyàn ló ń fún wọn láti bí oṣù kan. Téèpù ni mo fi ń wọn ara wọn, rúlà onígi ni mo fi ń gé aṣọ. Mo bá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, mo gbé téèpù lé rúlà. Yé è! Téèpù ti nà. Inṣì rẹ̀ ti gùn ju ti rúlà lọ.

Bí mo bá sọ ọ́, oníbàárà mélòó ló máa kù? Bí n ò bá sọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù ìyá mi di erùpẹ̀.

"Téèpù mi ti nà!" ni mo ké. "Ẹ lo ti ìjọba!"

"Ó ti kí ni?" Ìyá Oníbúrẹ́dì fọwọ́ lé ìbàdí. "Ìwọ ọmọ yìí! Odidi oṣù kan ni n ò jẹ oúnjẹ alẹ́, torí o ní mo ti sanra!"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Alága fúnra rẹ̀ ló di téèpù ìjọba mú, tó ń ṣe bí ẹni pé òun kọ́ ló kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ogójì géérégé!

"Ṣọ́ọ̀bù ò wó mọ́," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí, "àmọ́ aṣọ mi lo máa kọ́kọ́ tú."

Amáàpù ní kí a yan ẹnì kan tí òun yóò máa bá ṣiṣẹ́ títí ọ̀nà yóò fi parí.

"Ẹni tó lè tú àṣírí ara rẹ̀ lójú wa ò ní purọ́ fún wa," ni Bàbá Alága dáhùn. "Aránṣọ ni."

Mo wolẹ̀. "Ìpàdé ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀ nìyẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀kan." Amáàpù wò mí lójú. "Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ó lè di ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Iṣẹ́ máa pọ̀," ni mo wí.