Ẹ́ńjìnnì Àlàní tó Sán

Ọdún kẹta rèé tí Àlàní ti kú, ẹ́ńjìnnì tó fi sílẹ̀ ni àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn ará Addo. Ṣùkúrátù, ìyáálé, ló ń gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Làtífátù, ìyàwó kékeré, ló mọ tinú-tòde ẹ́ńjìnnì náà. Òun ló ń yí i ṣíná, òun ló ń bu omi sí i, bó bá sì ń wúkọ́, òun ló mọ ibi tó ń dùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan lọ́dún 1977, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì ti funfun bí ògì. Ó nu ọ̀pá náà, ó tì í padà, ó tún fà á. Ògì náà ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mọ́rúfù, mẹkáníìkì tó wà ní Ajah. Ó fi kẹrosíìnì fọ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì fi ìka tọ ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun orí.

"Búlọ́ọ̀kù ló sán, Àǹtí. Irin ńlá tó gbé gbogbo inú rẹ̀ dúró yìí. Ibẹ̀ lomi ń gbà wọnú ọ́ìlì."

Ó ń fọ̀ ọ́ lọ, ọ̀dà sì ń ṣí kúrò. Lábẹ́ ọ̀dà, àpá kan yọ, ó wú bí ojú ọgbẹ́ tó ti jinná. Mọ́rúfù pariwo: "Wọ́n ti jó o pọ̀ rí!"

"Ta ló jó o?" ni Làtífátù wí. "Tuntun ni bàbá ilé wa rà á lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn." Ó rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbé ẹ́ńjìnnì náà gúnlẹ̀, tí Àlàní ń pe gbogbo èèyàn pé kí wọ́n wá gbóòórùn ọ̀dà.

"Àǹtí, ìyẹn gan-an ló dáa. Wọ́n jó o, ó lo ọdún mẹ́sàn-án. Bí wẹ́dà bá tún jó o, á tún lo mẹ́sàn-án mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Làtífátù létí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, Bàbá Odùkọ̀yà yà wá. Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó wo àpá kan náà, ó sì mi orí.

"Irin tí wọ́n ti jó lẹ́ẹ̀kan, tó tún wá sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó, ó ti rẹ irin yẹn. Ẹ wá búlọ́ọ̀kù mìíràn. Àbí ẹnì kan bu omi tútù sí i nígbà tó gbóná ni?"

 Làtífátù bu omi sí i ní Sátidé, ṣùgbọ́n ṣé ẹ́ńjìnnì ti tutù nígbà yẹn àbí kò tíì tutù? Bó ṣe ń rò ó tó ni kò fi dá a lójú mọ́. Oríta mẹ́ta ń da àlejò láàmú, òun sì rèé nínú ilé ọkọ rẹ̀, kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà.

Lálẹ́, ó jẹ́wọ́ fún ìyáálé rẹ̀: "Ó jọ pé èmi ni mo ba ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́. Omi tútù."

Ṣùkúrátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà máa ń bu ú sí i nígbà tí o bá lọ kírun. Fi ìyẹn sílẹ̀. Kàsímù wẹ́dà, ará Ìbẹ̀jú, ló jó o. Lọ bi í."

Ẹnu ya Làtífátù. "Ẹ mọ̀ pé wọ́n jó o?"

"Mo mọ̀. Àlàní ní kí n má sọ fún ọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ wọlé nígbà náà. Kò fẹ́ kí ìyàwó tuntun mọ̀ pé àlòkù lòun rà."

Làtífátù ò mọ̀ bóyá kóun bínú ni, tàbí kóun rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ mọ́, ó wọ lọ́rì lọ sí Ìbẹ̀jú.

Kàsímù ti darúgbó, iná tó fi ń jó irin ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ di bàìbàì. "Ẹ fi hámà kékeré lù ú," ló wí. "Bó bá dún bí agogo, ó ṣì lágbára. Bó bá dún bí ìkòkò tó sán, ẹ jù ú nù."

"Bàbá, kí lẹ̀yin fúnra yín rò?"

"Ọdún méjì ni mo sọ fún Àlàní pé á lò. Bó ṣe wá lo mẹ́sàn-án, ọmọ mi, èmi gan-an ò mọ̀."

Nígbà tó padà dé, wọ́n fi hámà lu búlọ́ọ̀kù náà. Ṣùkúrátù gbọ́ agogo. Làtífátù gbọ́ ìkòkò. Wọ́n pe Sìlífátù, oníbàárà wọn tó gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wá. Òun ní irin lòun gbọ́, àti pé ẹ̀gẹ́ tóun ti bó ń dúdú lọ.

Làtífátù jókòó sórí àpótí, ó gbé hámà sórí itan. 

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀."

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, ìyáálé mi. Àmọ́ bí a bá jó o, ojoojúmọ́ ni n ó máa tẹ́tí sí i bóyá ó ti tún sán. Etí mi ò gbà á mọ́."

Ṣùkúrátù wò ó títí. "Ó dáa. Ìwọ lò ń bá a ṣiṣẹ́."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá Odùkọ̀yà bá wọn rí búlọ́ọ̀kù kan ní Èkó. Àlòkù ni, kò sì fi pa mọ́ fún wọn. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e sọ̀ létí ọ̀sà. Mọ́rúfù to inú ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀, ó ń kùn pé iṣẹ́ wẹ́dà ì bá ti parí tipẹ́.

Nígbà tí Làtífátù yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣíná. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ hó yèè.

"Ọkàn rẹ balẹ̀ báyìí?" ni Ṣùkúrátù bi í.

"Kò tíì balẹ̀ o. Bóyá tó bá di ọdún tó ń bọ̀."

Làtífátù gba agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ.