Àna Onílùú Mẹ́ta

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bàbá Adétóun ní ilé náà lòun máa wò kóun tó fọmọ fọ́kọ, ló bá gbéra ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ó wọ bàálù wá sí Sharjah nílẹ̀ Lárúbáwá. Tíṣà ni Adétóun ní àdúgbò Muwaileh níbẹ̀, ibi iṣẹ́ ló sì ti pàdé Ifan, òyìnbó ará Wales.

Lọ́jọ́ tí Ifan wá kí Bàbá nílé Adétóun, ó ní ọmọ Ceredigion lòun. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí i lẹ́nu pé Dyfed ni wọ́n bí òun sí. Ìyá rẹ̀ tún bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ó ní Cardiganshire lòun ti dàgbà. Ojú Bàbá korò bí ewúro. Ó pe ọmọ rẹ̀ sí kíṣìnnì.

"Tóun, ẹni tó nílùú mẹ́ta ò nílùú kankan. Mi ò ní fa ọmọ mi fún four-one-nine. Ó parí! Khalas lẹ máa ń wí níbí, àbí?"

Ẹ̀rù ba Adétóun gan-an. Ó fẹ́ràn Ifan dọ́kàn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ lọ́kọ láìgba àdúrà bàbá rẹ̀. Ó padà sí pálọ̀, ó bẹ Ifan kó dárúkọ ìlú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó yé gbogbo ayé.

Ifan ká aṣọ tábìlì jọ lápá kan. Òkè nìyí, ó ní, òkun lọ̀hún, àgùntàn ló kún àárín. Ibì kan náà ni. Cardiganshire ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1974, ìjọba lẹ̀ ẹ́ mọ́ agbègbè méjì mìíràn, wọ́n pe gbogbo rẹ̀ ní Dyfed. Nígbà tí wọ́n tún dá a dúró láyè ara rẹ̀, ó di Ceredigion.

"Ọdún wo ni wọ́n dá a dúró?" Bàbá bi í.

"1996, sà."

Bàbá gbé ife tíì sílẹ̀. "Ọdún tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Òndó nìyẹn. Western Region ni wọ́n bí mi sí, mo kàwé ní Western State, mo gbéyàwó ní Òndó State, Èkìtì ni mo wà báyìí, mi ò sì kó kúrò n'Íkọ̀lé rí." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. "Mẹ́rin ni tèmi. Ṣé ẹ jó lọ́jọ́ náà?"

"Bàbá mi kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há, sà."

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe."

Ló bá tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago n'Íkọ̀lé. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ ìlú wọn o. Èkìtì náà ni, tiwọn kàn lókun ni. Ẹ máa bá wa wá ọjọ́ tó dáa."

Ayọ̀ gba ọkàn Adétóun kan. Òkè Ceredigion tó wà lórí tábìlì ló fà, ó fi nu omijé ojú rẹ̀.