Ohùn Tí A Fọ̀

3.

…ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà. Òjò òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá gbé kásẹ́ẹ̀tì Bàbá lọ. Ó ní òun fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó lò gan-an nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni èmi ti ń ṣiṣẹ́. Fífọ nǹkan kò bà mí lẹ́rù.

Ó yẹ kó bà mí lẹ́rù.


4.

Ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, yàtọ̀ sí orin:

— mímí Bàbá, kó tó gbé ohùn sókè
— àga rẹ̀, tó ń dún bó bá ti ń mi ẹsẹ̀
— òjò lórí páànù
— ikọ́ Ìyá, nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀
— èmi, ọmọ ọwọ́, tí mo rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì ní kí n dákẹ́
— sssssssss láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń din nǹkan ní yàrá kejì

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bàbá, kì í ṣe olórin. Inú yàrá Ìyá ló ti gba orin náà sílẹ̀, lọ́sẹ̀ tó fẹ́ rìnrìn àjò iṣẹ́. Ó ní kí Ìyá máa gbọ́ òun títí òun á fi dé.

Kò dé.


5.

Bàbá ló kan àpótí sípíkà ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wa fúnra rẹ̀. Pákó tó nípọn ni, ó sì fi yanrìn ha á títí tó fi ń dán.

Ojú Ìyá ti ń ṣú láti bí ọdún mélòó kan. Bó bá ti tan kásẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn. Ìsàlẹ̀ ohùn Bàbá máa ń gba inú pákó bọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀. Mo ti gbé ọwọ́ tèmi síbẹ̀ rí. Bí ìgbà téèyàn gbé ọwọ́ lé àyà ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni.

Ìyá kì í sọ pé òun ń gbọ́ ọ. Ohun tó máa ń sọ ni pé:

"Ó wà níbí."


6.

Jókòó tì mí, ọ̀rẹ́ mi,
ilẹ̀ ò tíì ṣú.

Bí orin kejì ṣe parí nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá fi orin sílẹ̀, ó bá Ìyá sọ̀rọ̀ lásán, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́:

"Bó o bá ti dáná èédú, máa ṣí fèrèsé. Fi aṣọ bora. Òtútù ò dáa fún ọ."

Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn. Mo tún un kọ:

m á a   ṣ í   f è r è s é


7.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi:

Aburo, mo ti fo ohun baba. O mo toni! Gbogbo ariwo ti kuro. Foonu kekere yii ni mama yoo maa lo bayii, won kan maa te e ni. Ero atijo yen ati apoti re, mo ti ko won fun awon to n ra irin. Kaseeti ti n ja, mo da a nu. Ma wule binu o.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí òun ń sọ.

Fo ohun.

Mo kà á: fọ ohùn. Ó dáa.
Mo tún un kà: fọ́ ohùn.
Mo pè é kíákíá: fọhùn. Ìyẹn ni pé kéèyàn sọ̀rọ̀.

Mo pa fóònù dé.


8.

Yàrá Ìyá. Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú. Fóònù wà lórí tábìlì tó kan ògiri, níbi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá, ẹ gbọ́ bó ṣe dún kedere. Bí ẹni pé àná ni wọ́n gbà á.

(Orin.)

ÌYÁ: Ta nìyí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ta lẹ tún fẹ́ kó jẹ́? Ọkọ yín ni.

ÌYÁ: Ó jọ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó jọ ọ́ kẹ̀!

ÌYÁ: Ó mọ orin rẹ̀. Ó mọ bó ṣe ń pè mí. Kì í ṣe òun.

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá, àbí ọkùnrin mìíràn wà tó máa ń wá kọrin fún yín, tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?

ÌYÁ: Wò ó, má jẹ́ kí n fọ́ ọ létí.

(A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.)

ÌYÁ: Ẹni yìí kì í mí.

ÈMI: Ẹ ní kí ni, Màmá?

ÌYÁ: Ó kọrin dé òpin, kò mí. Ta ní ń kọrin tí kì í mí?

(Ó na ọwọ́ sí tábìlì, ó ń wá nǹkan tó máa gbé ọwọ́ lé. Fóònù náà bọ́ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó fa ọwọ́ padà.)

ÌYÁ: Ó tutù.


9.

Mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

— Bùọ̀dá, níbo ni mímí Bàbá wà?

— Ariwo nìyẹn. Ẹ̀rọ máa ń yọ ohun tí etí ò nílò. Bó ṣe ń di kékeré nìyẹn, tó fi wọ inú fóònù.

— Ta ló sọ fún ẹ̀rọ pé etí ò nílò rẹ̀?

— Ó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

— Ṣé ó gbọ́ Yorùbá ni?

— Kí ló kan Yorùbá níbẹ̀? Ohùn ni ohùn. O ti bẹ̀rẹ̀, Adájọ́!

Láti kékeré ló ti ń pè mí ní Adájọ́.


10.

Ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri níbi iṣẹ́ mi:

Ẹ YẸ INÚ ÀPÒ WÒ KÍ Ẹ TÓ FỌ AṢỌ.
OHUN TÍ OMI BÁ TI GBÉ LỌ,
Ẹ MÁ BÉÈRÈ RẸ̀ LỌ́WỌ́ WA.


11.

[A yọ èyí kúrò. Kò pọn dandan.]


12.

Òtútù dé. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dáná èédú sínú ìkòkò, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Lọ́dọọdún, bí èédú bá ti pọ́n, á dìde, á fi ọwọ́ tọ ògiri dé ìdí fèrèsé, á ṣí i. Kò sẹ́ni tó máa ń rán an létí.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Orí ń fọ́ ọ. Ojú rẹ̀ pọ́n.

ÈMI: Màmá, iná wà nínú ìkòkò, fèrèsé sì wà ní títì. Ṣé ẹ gbàgbé ni?

ÌYÁ: N ò gbàgbé. Ó ní kí n má ṣí i.

ÈMI: Ta ló ní bẹ́ẹ̀?

(Ó fi ẹnu tọ́ka sí tábìlì.)

ÈMI: Ẹ̀yin náà lẹ ní kì í ṣe Bàbá.

ÌYÁ: Kì í ṣe òun. Òun máa ń ní kí n ṣí i.

ÈMI: Ẹ wá ń gbọ́ tẹni tẹ́ ò mọ̀?

ÌYÁ: Rọra sọ̀rọ̀.

ÈMI: Màmá.

ÌYÁ: Àlejò ni. Ó mọ orúkọ mi, ó mọ inú yàrá mi. Kì í mí, kì í sinmi. Ohun tó bá ti ní kí n ṣe ni mò ń ṣe, kó má bàa bínú.

Mo ṣí fèrèsé. Mo gé pákó kékeré kan, mo fi há a kó má lè tì.

Lẹ́yìn náà mo tẹ fóònù, mo sì gbé etí sí i.

m á   ṣ í   f è r è s é

Mo tún un tẹ̀.

m á


13.

Mo mú fóònù náà dání lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo padà délé, Ìyá Ìsàlẹ̀, aránṣọ tó ń gbé abẹ́ wa, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

— Kí lẹ gbà lọ́wọ́ màmá yín? Wọn ò jẹun láti àárọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ògiri, wọ́n ń ní, "Ó ti lọ, mo ti ṣẹ̀ ẹ́." Ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí, èmi tí kì í bẹ̀rù ẹni tó jẹ mí ní owó ìránṣọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún wọn.

Mo dá a padà.


14.

Lórí fóònù.

ÈMI: Bùọ̀dá, "máa" ni Bàbá sọ.

Ẹ̀GBỌ́N: "Má" ni. Gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e: fi aṣọ bora, òtútù ò dáa. Ta ní ń ṣí fèrèsé nínú òtútù?

ÈMI: Ẹni tó dáná èédú ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà tó sọ ọ́.

ÈMI: Ṣùgbọ́n Màmá kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Kí ló fà á tí wọ́n fi máa ń ṣí i?

Ẹ̀GBỌ́N: Ooru ń mú wọn ni. Ẹ gbà mí o! Gbogbo wàhálà yìí, nítorí "a" kan?

ÈMI: Ẹ ṣáà gé gbólóhùn yẹn kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti gbọ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé.


15.

Ní Sátidé, òjò rọ̀. Kò wá.


16.

[A yọ èyí kúrò. Kò pọn dandan.]


17.

Ohun tí Ìyá Ìsàlẹ̀ sọ, bó ṣe sọ ọ́:

"Mo ń gbọ́ orin láti àárọ̀. Ọ̀kan náà ni. Bó bá ti parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, áà, Màmá ń jayé lónìí! Mo pariwo láti ìsàlẹ̀, mo ní, 'Màmá, ẹ dín in kù, ọkọ yín ò ní sá lọ!' Wọn ò dá mi lóhùn. Mo ní bóyá wọ́n ń sùn. Mo rán aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi tán, mo wá gòkè. Wọ́n ti ti fèrèsé. Wọ́n ti yọ pákó tẹ́ ẹ fi há a, wọ́n nù ún mọ́, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Wọ́n fi aṣọ ìborùn wọn dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Iná ti kú nínú ìkòkò. Orin yẹn ṣì ń lọ. Ọwọ́ wọn wà lára ògiri, níbi tí àpótí yẹn máa ń wà. Èmi ni mo gbé ọwọ́ wọn kúrò níbẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa fóònù yẹn. Ó ń kọrin títí ẹ fi dé."

ilẹ̀ ò tíì ṣú


18.

Ìwé ikú tí wọ́n kọ fún wa ní ọsibítù: èéfín èédú, yàrá títì.

Aṣọ ibùsùn tí wọ́n fi bo Ìyá ní àbàwọ́n kan ní igun, tí kì í lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.


19.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Àpótí sípíkà náà, wọ́n ti fi dáná, wọ́n ní pákó náà jó dáadáa. Ó lọ wá kásẹ́ẹ̀tì náà ní ààtàn. Ó fi igi tú u títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú. Wọ́n ti sun ún.

Ó wá bá mi ní yàrá Ìyá. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Kò jókòó.

— Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní. Àbúrò, "máa" ni. Ìwọ ló tọ̀nà. Mo ń gbọ́ ọ báyìí. Gbọ́.

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbé etí sí i. Ó tún un tẹ̀.

— Ṣé o gbọ́ ọ? "Máa."



"Má" ni mò ń gbọ́. Mo wá "máa" nínú orí mi, mo wá a nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo wá a nínú ọwọ́ Ìyá lára fèrèsé ní ọdọọdún. "Má" ni mò ń gbọ́ níbi gbogbo.


20.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kọ nǹkan díẹ̀ nípa Ìyá, tí àwọn ẹbí máa kà. Ohun tí mo kọ nìyí. Ó kà á, ó ní ó gùn jù, kí n jẹ́ kí òun bá mi yọ ohun tí kò pọn dandan. Mo gbé e fún un.

Ó yọ 1. Ó yọ 2. Ó yọ 11 àti 16.

Mo béèrè ohun tó wà nínú 16 lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rántí. Èmi náà ò rántí mọ́.


21.

Mo tẹ fóònù náà láàárọ̀ yìí. Mo ń wo ètè mi nínú dígí bí mo ṣe ń pè é tẹ̀ lé e.

má
má
máa
má
m


22.

Ohun tó sọnù: mímí Bàbá, àga rẹ̀, òjò orí páànù, ẹ̀rín tí wọ́n ní kí n dákẹ́, lẹ́tà kan, ìyá wa.