Ẹ̀rọ Bàbá Mi Tún Dún

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi wọ̀yá ìjà ní ọ́fíìsì tó wà níwájú ilé wa. Ó dàgbà jù mí lọ. Sọ́fítíwìà tuntun inú kọ̀ǹpútà mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ta ló ń fi òkú irin tẹ̀wé lóde òní? Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, mo ní ká jù ú nù, màmá mi fárígá. Orí kunkun ni mo pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo rí wáyà tó bá a mu, mo yan orúkọ ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó jọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo ní kó tẹ ìwé kan wò. Ló bá figbe ta bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ páànù.

Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá mi gbé ife omi wọlé, bó ṣe máa ń ṣe nígbàkigbà tí bàbá mi bá ń tẹ̀wé. Èmi ló bá lórí àga. Ó gbé ife náà ka iwájú mi.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ó ti tẹ̀ ẹ́ tán."

Ó jókòó. "Ohun yòówù kó tẹ̀, ọmọ mi, ṣáà jẹ́ kó máa dún."