Ẹ̀ka Tó Wà Lábẹ́ Àkẹtẹ̀ Mi

Igi óákù kan wà lábúlé wa tó fa gbòǹgbò ara rẹ̀ yọ, tó sì sá wọ ilẹ̀ Póláńdì, torí pé ó rí mi tí mò ń pọ́n àáké. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lé e. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi igi náà. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ẹ̀ka kan tí kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ dẹ́rù bà mí títí eyín mi fi ń lu ara wọn, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù náà kì í ṣe kékeré.

Káfíńtà arìnrìn-àjò ni èmi Jörn. Ọdún mẹ́ta àti ọjọ́ kan la fi ń fẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú, a kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé. Àkẹtẹ̀ dúdú wà lórí wa tí a kì í ṣí fún ẹnikẹ́ni, yẹtí wúrà sì wà létí wa tí wọ́n fi ìṣó àti òòlù lu ihò rẹ̀. Ẹni tó bá jalè, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fa yẹtí yẹn yọ tòun tẹran. Kò sí ọ̀gá tó ń gba elétí yíya síṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Eicke, káfíńtà tó ṣáájú mi jáde nílé, ni mò ń bá rìn. Ẹ̀mú tó fi ń fa ìṣó yọ kì í kúrò lápò rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan a dé Berlin, a sì wọ ọgbà ewéko ńlá kan. Ọgbà náà tóbi débi pé irùngbọ̀n hù lágbọ̀n mi kí a tó dé ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin ewéko ilẹ̀ òkèèrè sí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Màmá àgbà, tó máa pé ọgọ́rin ọdún láìpẹ́. Ó máa ń sọ pé, "Ewéko tí a rà máa ń kú. Èyí tí a jí ló ń hù." Gbogbo ìyá arúgbó agbègbè wa ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó ka ara rẹ̀ sí olè. Mo ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré kan lára ewéko kan níbẹ̀, mo fi sábẹ́ àkẹtẹ̀. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i.

Mi ò tíì gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi rí pátákó tí wọ́n ya agbárí òkú sí, pé olóró ni ewéko náà.

Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí iná. Nǹkan kan ń ṣàn bọ̀ níwájú orí, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín.

"Jörn, kí nìyẹn?"

"Òógùn ni, ẹ̀gbọ́n."

"Òógùn funfun? Ṣé orí ẹ ti di màlúù ni?"

Ìyá kan tó ń bomi rin òdòdó yíjú sí wa. Gesine ni wọ́n kọ sáyà aṣọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣí àkẹtẹ̀ yẹn."

"Ìyá, àwa kì í ṣí i."

"Oje yẹn ti dé ìpéǹpéjú ẹ. Tó bá wọ ojú, ó lè fọ́ ọ. Omi rèé."

Ẹ̀gbọ́n Eicke ti ọwọ́ bọ àpò. Etí mi ló ń wò. Ọkàn mi ń lù débi tí mo rò pé gíláàsì òkè máa fọ́. Bí mo bá gba ojú là, etí á lọ. Bí mo bá gba etí là, káfíńtà tí kò ríran á fi ayùn gé orúnkún ara rẹ̀. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta.

Mo ṣí i. Ẹ̀ka náà já bọ́ sórí bàtà Ẹ̀gbọ́n Eicke.

Ìyá Gesine da omi lé mi lórí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ka lásán ni. Kò sí màmá àgbà tí kò tíì jí tiwa."

"Ìyá," Ẹ̀gbọ́n Eicke dá a lóhùn jẹ́jẹ́, "eléyìí kì í ṣe màmá àgbà."

Bí omi yẹn ṣe ń ṣàn lójú mi ni irin ẹ̀mú tútù kan etí mi.

Mi ò nu ojú, mi ò mú àkẹtẹ̀. Mo di etí mi mú, mo sì fò jáde. Igi óákù yẹn gan-an, níbi tó sá dé, kò sáré tó mi.