Ilé Kejì

Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Èmi ni mo rán àlejò níṣẹ́.

Wulan ni orúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Indonéṣíà ló fi í ránṣẹ́ sí yunifásítì níbí fún oṣù mẹ́fà, tiwa sì fi ọmọ kan ránṣẹ́ sí tiwọn. Rasheedah ọmọ mi, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ló mú un wá bá wa ṣe Iléyá. Mùsùlùmí ni, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Nígbà tí a kírun Yídì dé, tí a pa àgbò, tí a pín ẹran, ó dìde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e fún aládùúgbò. Nílé wa, èmi ni mo máa ń gbé e kiri."

"Ṣé o lè sọ 'barka dè sallah'?"

"Mo mọ̀ ọ́n sọ ju Rasheedah lọ."

"Hẹn!" ni Rasheedah wí. "Ọmọ Ìlọrin àná."

Mo ní kí ó gbé e lọ sí ilé kejì. Ilé Ìyá Hamidat tó fara ti tiwa ni mò ń wí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé tiwa ni àkọ́kọ́. Wulan kò ka tiwa mọ́ ọn. Ó ka ilé Ìyá Hamidat ní ọ̀kan, ó ka èyí tó tẹ̀ lé e ní èjì, ó sì kanlẹ̀kùn ibẹ̀.

Ilé Abdulmumini ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti kú láti inú àwẹ̀ èṣí, kò sì sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Nígbà tí bàbá wa kú, kíláàsì kẹrin ni mo wà. Abdulmumini ní kí n fi ìwé sílẹ̀, kí n wá máa ru iṣu ní ọjà Ìpàtà. Òun ń ka tirẹ̀ lọ títí ó fi di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mi ò fi fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ín, àlùfáà bi ìjọ bóyá wọ́n ti forí jì í. Gbogbo wọn dáhùn. Èmi pa ẹnu mi dé. Àlùfáà wò mí, mo wo bàtà mi.

Wulan padà dé pẹ̀lú abọ́ òfìfo. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Ìyá Hamidat ńkọ́?"

"Kì í ṣe ìyá, bàbá ni. Wọ́n ga, wọ́n wọ funfun. Wọ́n ní kí n kí Kògbẹ̀bẹ̀. Ta ni Kògbẹ̀bẹ̀?"

Rasheedah rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Abdulmumini nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ní kí n padà wá bá àwọn jẹun tí a bá kírun Alásárì," ni Wulan wí. "Mo ti ní màá wá. Ilé wọn tutù o, Bàbá."

Ẹni tó bá bá òkú jẹun kì í tún bá alààyè jẹun mọ́.

"O ò ní lọ."

"Mo ti ṣèlérí."

Ó ti ń wé ìbòrí rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì sí lára wa mọ́. Mo ní kí Rasheedah di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo jáde.

Oòrùn ń ràn, àwọn èèyàn ń kí mi, mi ò dá ẹnì kan lóhùn. Àgádágodo ẹnu ọ̀nà Abdulmumini ti dípẹtà, aláǹtakùn ti takùn bò ó. Òórùn ẹran sísun ń ti inú ilé jáde.

"Abdulmumini," mo ní, "fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Mo forí jì ọ́."

Ẹnì kan pòṣé nínú ilé. Ó mọ̀ mí, ó mọ̀ pé ẹnu lásán ni.

"Kí lo fẹ́?" ni mo bi í. "Kí n sunkún ni?"

Mo bá jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: yunifọ́ọ̀mù mi tó fi ta ọmọ ẹlòmíràn lọ́rẹ, èjìká mi tí iṣu bó, bí mo ṣe máa ń fara pamọ́ tí wọ́n bá ní kí n wá ka lẹ́tà. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.

"Ó dùn mí," mo ní. "Mo forí jì ọ́. Máa lọ."

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sínú. Yàrá méjì péré ló wà nínú ilé náà. Mo ka ogójì ìṣísẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò dúró. Ó ń jìnnà ni.

Nígbà tí mo délé, Wulan ti tú ìbòrí, òun àti Rasheedah ń jà sí eegun ẹran. Kí Abdulmumini sáà mọ̀, bí ó bá ń gbọ́: nítorí àlejò mi ni mo ṣe forí jì í. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ì bá ṣì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.